Ẹni Tí Kò Dìbò, Ta Ni Ó Ń Ṣe Tirẹ̀?



Bí ọ̀rọ̀ bá le nínú ìgbìmọ̀, ọ̀pọ̀ wa a máa wí pé, “Ẹ má ka tèmi mọ́ ọn.” A rò pé a ti yọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ènìyàn 15 jókòó. Àwọn 6 fọwọ́ sí àbá, àwọn 4 kọ̀ ọ́, àwọn 5 kò dá sí i. Bí òfin ẹgbẹ́ bá ní ìbò tí a dì nìkan ni ká kà, 6 ju 4 lọ, àbá wọlé. Bí ó bá ní ó gbọ́dọ̀ ju ìdajì àwọn tó jókòó lọ, 8 la nílò, àbá ṣubú. Àwọn 5 tó dákẹ́ ti bá àwọn 4 kọ̀ ọ́.

Ó ti ṣẹlẹ̀ níbi tó tóbi ju tiwa lọ. Ní December 30, 2014, Ìgbìmọ̀ Aláàbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dìbò lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Palestine. Orílẹ̀-èdè 8 fọwọ́ sí i, 2 kọ̀ ọ́, 5 kò dá sí i. Nàìjíríà wà nínú wọn. Ìbò 9 ni òfin wọn béèrè. Lóòótọ́, Amẹ́ríkà, tó wà lára àwọn tó kọ̀ ọ́, lágbára láti dá a dúró lóun nìkan, ṣùgbọ́n àbá náà ti ṣubú kí ọ̀rọ̀ tó dé ibẹ̀.

Èyí tó kàn wá gan-an ni òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí ìjọba tún ṣe ní 2005. Ó ní kí a tó dáṣẹ́ sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ju ìdajì gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ tó dìbò pé àwọn fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí a bá jẹ́ 400, tí 190 fẹ́ ẹ, tí 10 péré kọ̀, tí àwọn 200 yòókù jókòó sílé, òfin ò gbà wá láyè. Awakọ̀ tó wà lójú ọ̀nà àti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru ti dìbò fún ọ̀gá láìmọ̀.

Nítorí náà, kí alága máa ka òfin sétíìgbọ́ wa kí a tó dìbò. Kí akọ̀wé máa kọ iye àwọn tí kò dá sí i sílẹ̀. Kí àpótí ìbò sì dé gáréèjì àti ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ òru.

N kò ní kí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò tíì yé dìbò tipátipá. Ṣùgbọ́n kó mọ ẹni tí ìdákẹ́ rẹ̀ ń ṣe láǹfààní. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.