Ẹ̀kọ́ Orin ní Iléèwé: Kí Ọmọ Mùsùlùmí Jókòó Kọ́ Ọ

  Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ mùsùlùmí tí ẹ wà ní etí omi Ìlàjẹ, láti Ìgbókòdá dé Máhìn, láti Ùgbò dé Ayétòrò: Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí ó yẹ kí a sọ láìfepo bọyọ̀.

Bí àkókò ẹ̀kọ́ orin bá tó ní iléèwé sẹ́kọ́ńdìrì, àwọn òbí kan láàrin wa ti pàṣẹ fún ọmọ wọn pé kí ó dìde, kí ó jáde. Wọ́n ní háráámù ni. Àwọn òbí mìíràn kì í bèèrè ohunkóhun; ohun tí wọ́n bá kọ́ ọmọ náà ni yóò gbé wálé, yóò sì máa kọ orin ìsìn ẹlòmíràn nídìí búùtà àlùwàlá. Àwa kò sí lẹ́yìn àwọn ti ìṣáájú, a kò sì sí lẹ́yìn àwọn ti ìkẹyìn. Ohun tí àwa ń wí ni pé kí ọmọ mùsùlùmí jókòó, kí ó kọ́ ẹ̀kọ́ náà yanjú, kí ó sì yege nínú rẹ̀. Ìjọsìn ẹlòmíràn tí wọ́n bá fi wé ẹ̀kọ́ náà ni kí a kọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Nígbà tí ìlànà ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1982, orin wà lára àwọn ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì kékeré. Nígbà tí ó yá, wọ́n pa á pọ̀ mọ́ iṣẹ́ ọnà àti eré orí ìtàgé. Ní sẹ́kọ́ńdìrì àgbà, àjọ WAEC ń ṣe ìdánwò rẹ̀. Kí ni ó wà nínú rẹ̀? Bí a ti ń kọ ohùn sílẹ̀ lórí ìlà márùn-ún, bí a ti ń ka ìwọ̀n àkókò, oríṣi ohùn ènìyàn, oríṣi ohun èlò, orin ilẹ̀ Adúláwọ̀ àti ti Òyìnbó. Kò sí àdúrà nínú ìyẹn. Dò-re-mí tí olùkọ́ orin ń lò náà ni olùkọ́ Yorùbá fi ń kọ́ ọmọ ní àmì ohùn, kí ó lè mọ ọkọ̀ yàtọ̀ sí ọkọ́. A kò tíì gbọ́ pé bàbá kan yọ ọmọ rẹ̀ kúrò ní kíláàsì Yorùbá nítorí dò-re-mí.

Àwọn kan yóò ní, ṣé ẹ̀yin àáfà kò mọ ohun tí àwọn onímọ̀ sọ nípa orin ni? A mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn onímọ̀ ojú ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí ti Imam Malik tí a ń tọ̀ níhìn-ín wà lára wọn, ni ó kọ ohun èlò olókùn àti fèrè. Ẹ̀rí wọn wà nínú hádíìsì, a kò sì fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ibn Hazm ní ilẹ̀ Andalus kò gbà pẹ̀lú wọn. Imam Ghazali náà sì ya apá kan sọ́tọ̀ nínú ìwé Ihya láti ṣàlàyé èyí tí ó tọ́ láti gbọ́ àti èyí tí kò tọ́. Bẹ́ẹ̀ ni Bukhari àti Muslim jọ gbà á wá pé àwọn ọmọbìnrin méjì ń kọrin nílé Ànábì lọ́jọ́ ọdún, tí Abubakar bá wọn wí, tí Ànábì sì ní kí ó fi wọ́n sílẹ̀. Ẹni tí ó bá mú ìdajì ọ̀rọ̀ wá tí ó fi ìdajì pamọ́ kò tíì ṣe wáàsí.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, lílù àti gbígbọ́ ni àwọn onímọ̀ ń jiyàn lé lórí. Ìmọ̀ ni ọ̀rọ̀ tiwa. Ní kíláàsì kẹ́mísìrì, wọ́n ń kọ́ ọmọ wa bí a ti ń se ọtí tí ooru rẹ̀ fi ń di ògógóró, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń se é láti ara ẹmu ògùrọ̀ ní àgbègbè wa gan-an. Ní kíláàsì báyọ́lọ́jì, wọ́n ń kọ́ ọ nípa aràn inú ẹlẹ́dẹ̀. Ta ni ó ní kí ọmọ rẹ̀ jáde? Ọmọ tí ó mọ bí ọtí ṣe ń di ọtí tí kò sì mu ún, kí ló dé tí kò fi lè mọ bí orin ṣe ń di orin láìdi onílù ilé ọtí? Àwọn mùsùlùmí ìṣáájú kò sá fún ìmọ̀ yìí. Al-Kindi kọ̀wé nípa rẹ̀. Al-Farabi, tí ó kú ní ọdún 950, kọ ìwé ńlá lé e lórí. Àìmọ̀kan kì í ṣe ìbẹ̀rù Ọlọ́run.

Ẹ wo ohun tí sísá ti gbà lọ́wọ́ wa. Nínú wéré tí wọ́n fi ń jí àwọn ènìyàn fún sààrì ni fújì ti jáde, tí Síkírù Àyìndé Barrister, tí ó kú ní ọdún 2010, fi gba òkìkí. Wákà àti sákárà náà, inú ilé wa ni wọ́n ti wá. Ta ni ó kọ̀wé nípa wọn? Akin Euba, atẹdùùrù, ni ó tẹ ìwádìí jáde ní ọdún 1971 lórí orin àwọn mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá. Ó lè ṣe é nítorí pé ó kọ́ bí a ti ń kọ ohùn sílẹ̀.

Àwọn onígbàgbọ́ náà ní ìṣòro tiwọn. Wọ́n mú ohùn orin Òyìnbó, wọ́n fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí i. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, ohùn gun òkè, ọ̀rọ̀ sì di ọ̀rọ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ọmọ tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ orin, irú T.K.E. Phillips, Fẹlá Ṣówándé àti Ayọ̀ Bánkọ́lé, tí wọ́n fi ohùn ilẹ̀ wa kọ orin tuntun. Orin wólímọ̀ àti ti mọ́lúdì tiwa ńkọ́? Orí àwọn àgbà ni ó wà. Bí àgbà bá kú, ó tán. Bírípo àwa Ìlàjẹ náà ń bẹ nínú ewu kan náà. Òkun ń gba ilé àti ilẹ̀ ní Ayétòrò, àwọn ènìyàn ń ṣí kúrò. Orin tí a kò kọ sílẹ̀ kò ní ṣí tẹ̀lé wọn.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a kojú sí àwọn iléèwé. Ní etí omi yìí, ìjọ Kérúbù àti Séráfù ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ aládùúgbò wa ń lọ. A jọ ń pẹja nínú omi kan náà, a kì í ṣe ọ̀tá wọn. Olùkọ́ orin tí ó bá wà, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni ó ti kọ́ iṣẹ́ náà ní ọ̀pọ̀ ìgbà, orin tí ó mọ̀ ni ó sì ń kọ́ni. Ṣùgbọ́n a ti rí ibi tí wọ́n ti ní kí ọmọ mùsùlùmí kọ orin Kérésìmesì kí ó tó gba máàkì. Bí ó bá kọ̀, òdo. Ọmọ yìí kò ní iléèwé mìíràn tí yóò lọ, nítorí ọkọ̀ ojú omi ni ó ń wọ̀ dé èyí tí ó wà. Èyí kì í ṣe ẹ̀kọ́ orin mọ́, ìpè sí ìsìn ni. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, abala 38, ìpín kejì, kò gbà á: a kò gbọdọ̀ fi dandan mú akẹ́kọ̀ọ́ láti gba ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀, tàbí láti kópa nínú ìjọsìn rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe yọ ọmọ kúrò, ẹ má sì ṣe dákẹ́. Kí ẹ̀yin méjì tàbí mẹ́ta mú lèmọ́mù dání, kí ẹ lọ bá ọ̀gá iléèwé ní pẹ̀lẹ́tù. Ẹ sọ fún un pé ẹ fẹ́ kí ọmọ yín ṣe ìdánwò, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi bírípo, oríkì ìlú, tàbí orin ìyìn Ànábì dán an wò. Ohùn ni wọ́n fẹ́ díwọ̀n, kì í ṣe ìgbàgbọ́. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mùsùlùmí, ẹ wá ọmọ tí ó ní ẹ̀bùn, kí ẹ rán an lọ sí Adéyẹmí ní Oǹdó tàbí sí yunifásítì Ifẹ̀ láti kọ́ ẹ̀kọ́ orin, kí ó padà wá di olùkọ́ láàrin wa. Níwọ̀n ìgbà tí a kò bá ní olùkọ́, ohun tí ẹlòmíràn bá mọ̀ ni yóò máa kọ́ àwọn ọmọ wa.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, a kò ní kí ẹ fi ìrun sílẹ̀ nítorí ìdánrawò, a kò sì ní kí ẹ tẹ̀lé ẹlẹ́gbẹ́ orin lọ sí òde àríyá. Ẹ jókòó ní kíláàsì, ẹ ṣí ìwé yín, ẹ kọ́ ọ. Kí Ọlọ́run fi ìmọ̀ tí ó ṣàǹfààní kẹ́ wa. Àmín.