Aṣọ Pọ́ọ́kú, Àdánù Ìtòkú

Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé kan wà tí ọ̀rọ̀ wọn máa ń dùn létí. Wọ́n ní kí a ṣí ibodè sílẹ̀ kí ọjà òkèèrè máa wọlé, nítorí ẹni tó bá ra aṣọ lówó pọ́ọ́kú yóò rí owó fi ṣe nǹkan mìíràn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òótọ́ náà kò délé.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta. Àdìrẹ kan ṣoṣo kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Ẹnì kan ń ta tẹ́rú, ẹlòmíràn ń fi ìko dì í tàbí kó fi ẹ̀kọ láfún ya ọnà sí i lára, aláró ń pa á láró, àwọn kan ń sá a, àwọn kan ń lù ú kó tó dọ́jà. Nígbà tí aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà bá gúnlẹ̀ pẹ̀lú ọnà àdìrẹ lára (ọnà tí wọn kò san kọ́bọ̀ lé lórí), gbogbo ọwọ́ wọ̀nyí ló ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Èrè rẹ̀ fọ́n káàkiri: náírà díẹ̀ fún oníbàárà l'Ékòó, díẹ̀ fún ti Ìbàdàn, wọ́n sì ti gbàgbé rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Àdánù rẹ̀ kò fọ́nká. Ojú kan ló wà, ní àdúgbò aláró tí ìkòkò rẹ̀ ti gbẹ, lọ́dọ̀ olóúnjẹ tó ń tajà fún un, àti nílé ẹ̀kọ́ tí ọmọ rẹ̀ ń lọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé ọ̀rọ̀ aláró nìkan ni, kó wo Kàdúná, níbi tí iléeṣẹ́ United Nigerian Textiles ti ti ilẹ̀kùn ní ọdún 2007. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ló délé lẹ́ẹ̀kan náà. N kò ní di gbogbo ẹ̀bi ru Ṣáínà; àìsí iná mànàmáná àti ọ̀wọ́n epo lọ́wọ́ sí i, àwọn onífàyàwọ́ tiwa náà sì ló ń gbé aṣọ wọ̀nyí wọlé lójú àwọn aṣọ́bodè.

Wọ́n ní kí ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ kọ́ òmíràn. Ta ni yóò kọ́ ìyá ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta, níbo, ta ni yóò sì máa bọ́ ọ títí yóò fi mọ̀ ọ́n? Ẹni tó bá fẹ́ kí ibodè ṣí, kó kọ́kọ́ sọ iye tí yóò yọ nínú owó-orí ọjà òkèèrè fún Ìtòkú àti Kàdúná, kó sì sọ ọjọ́ tí yóò san án.