Pàṣán Ṣì Wà Lájà

Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Òwe yìí ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn bí wọ́n bá ti dárúkọ Bar Beach ní Èkó. Wọ́n ti fi yanrìn dí òkun níbẹ̀ báyìí, ilé àwòṣífìlà ló ń hù lórí rẹ̀, Eko Atlantic ni wọ́n sì ń pè é. Ọ̀dọ́ tó bá ń kọjá ní Ahmadu Bello Way lónìí kò ní rí ohun kankan tí yóò sọ fún un pé etí òkun yẹn ni ìjọba ti ń de ènìyàn mọ́ òpó, tí wọ́n ń yìnbọn pa á lójú èrò. Èyí kò tọ́ lójú mi. Ó yẹ kí òkúta kan dúró níbẹ̀ tí yóò máa sọ ọ́.

Nígbà tí ogun abẹ́lé parí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970, ìbọn kún ìgboro, adigunjalè kò sì jẹ́ kí ará ìlú fojú kan oorun. Lọ́dún yẹn kan náà ni ìjọba Gowon ṣòfin pé ẹni tó bá fi ohun ìjà jalè, ikú ni. Ní oṣù kẹrin 1971, wọ́n yìnbọn pa àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ ní Bar Beach. Ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ló kan Ìṣọ̀lá Oyènúsì, ẹni tí wọ́n ń pè ní Dókítà, òun àti àwọn mẹ́fà mìíràn. Wọ́n to àgbá sẹ́yìn òpó. Èrò bí 30,000 ló wá wòran, àtàgbà àtọmọdé.

Ẹnìkan á ní ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Òótọ́ ni, èmi kò sì ní gbèjà olè. Kí ni àwọn tí wọ́n jà lólè ṣe fún wọn? Ṣùgbọ́n gígé ìka ni òwe wí, kò ní ká pe tọmọdé tàgbà wá wo ẹ̀jẹ̀. Pé olè kò dára, àwọn èrò yẹn ti mọ̀ ọ́n láti ilé ìyá wọn. Ohun tí wọ́n mú bọ̀ láti etí òkun ni pé ikú ọmọ ènìyàn ṣeé fi ṣe ìran wò. Mo gbà pé irú ojú bẹ́ẹ̀ ló wà lágbárí àwọn tó ń fi táyà kọ́ ẹni tí wọ́n fura sí lọ́rùn lójú títì, tí wọn kò tilẹ̀ bi í ní orúkọ. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ̀rù ń lé olè lọ ni, kí ni Anini adigunjalè ń wá ní Bìní ní 1986?

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin 1985, lábẹ́ ìjọba Bùhárí, wọ́n yìnbọn pa ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ní Èkó: Ogedengbe, Owoh àti Ojuolape. Oògùn olóró ni wọ́n ní wọ́n gbé; wọn kò fi ìbọn ja ẹnikẹ́ni lólè. Wọ́n ti ṣe é tán kí òfin tó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ ikú tó jáde ní 1984, òfin ọ̀hún ló padà sẹ́yìn wá mú wọn. Pàṣán ìyálé ti dé ara ìyàwó nìyẹn. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé: ìjọba ti gbàgbé, àwọn òbí ọmọ kò lè gbàgbé. Òfin ikú fún adigunjalè sì wà nínú ìwé òfin wa títí di òní.

Ẹnìkan á ní ohun ìtìjú ni, kí a má sọ ọ́ mọ́. Níbí ní Òkukù, ìlú mi, ogun lé àwọn baba wa kúrò nílé, Ìkìrun ni wọ́n sá sí, ó di ẹ̀yìn ogun Jálumi ní 1878 kí wọ́n tó padà. Ìtìjú ni kí ìlú túká. Síbẹ̀ a ń sọ ọ́ fọ́mọ. Bí àwọn obìnrin wa bá ń ki òkú lójú oórì, wọ́n ń ki í tiyì-tiyì, wọ́n sì ń dárúkọ ìjà tó jà àti gbèsè tó jẹ. Ọmọ òkú á máa gbọ́, kò ní bínú, torí bàbá rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń kì. Èkó náà lè ki òkú tirẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí wọ́n gbẹ́ orúkọ àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ sára òkúta náà, kí wọ́n gbẹ́ ti Oyènúsì. Kí wọ́n sì gbẹ́ ti ọlọ́pàá tó kú lọ́wọ́ Oyènúsì àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìkẹjà, òun ni kó wà lókè pátápátá, nítorí kò sẹ́ni tí wọ́n pè wá síbi ikú tirẹ̀.