Ta Ni Yóò Tún Ilẹ̀ Èédú Ṣe?

Àwọn kan nínú wa ní Ogbunike ń sọ pé àlejò kì í dá sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ onílẹ̀. A kò gbà! Èédú tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í wà ní Enugu ní 1915 ló tan iná Ìjọra l'Ékòó. Àwa náà jẹ níbẹ̀. Lónìí, omi kíkan tó pọ́n bí ìpẹtà ń ti inú kòtò Onyeama, lẹ́bàá títì tí à ń gbà lọ sí Enugu, ṣàn wọ odò Ekulu. Òfin 2007 ní kí awakùsà máa fowó àtúnṣe ilẹ̀ sílẹ̀. Ti àtijọ́ ńkọ́? Ìjọba ló wà á, ìjọba ló tà á. Kí ìjọba àpapọ̀ dí ihò wọ̀nyí, kí ó fi òkúta ẹfun pa kíkan omi náà, kí ó gbin igi, kó tó fún ẹnikẹ́ni níwèé àṣẹ tuntun.