Ẹ Béèrè Kí Ẹ Tó Ra Ẹ̀rọ Fídíò Ránṣẹ́ Sílé

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n bá àwọn ọmọ wa tó wà ní Èkó àti lókè òkun sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ títún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe ni mò ń ṣe ní Ìdèrè níbí. Ohun tí ojú mi ń rí ni mo fẹ́ sọ.

Nígbà tí WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún 1959, ohun tí wọ́n bá gbé jáde ni aráyé ń wò. Lónìí, oníkálùkù ló ń yan tirẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ti pọ̀ lọ́jà: DVD wà, fláàṣì wà, dekódà wà, àpótí Android tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì náà wà. Àwọn ọmọ á ra èyí tó wọ́n jù ránṣẹ́ sí ìyá wọn, ìyá á sì fi aṣọ bò ó sórí tábìlì. Ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́ o! Wọn kò béèrè ni.

Èkíní, irú ihò wo ló wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n ilé? Èyí àtijọ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ tóbi, ihò yẹ́lò, pupa àti funfun ló ní. Ọ̀pọ̀ àpótí tuntun, HDMI nìkan ni wọ́n mọ̀. Àwọn méjèèjì kò gbọ́ èdè ara wọn, àfi tí ẹ bá ra ẹ̀rọ mìíràn tí yóò ṣe ògbufọ̀.

Èkejì, ta ni yóò máa ra dàta? Netflix fúnra wọn sọ pé wákàtí kan lè jẹ tó gígábáìtì 1, ó sì lè tó 3 bí àwòrán bá mọ́ kedere. Owó gàrí àgbàlagbà nìyẹn!

Ẹ̀kẹta, ta ni yóò máa tẹ̀ ẹ́? Ìyá arúgbó kò fẹ́ rìmóòtù méjì.

Lójú tèmi, tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ tó ní ihò USB, pẹ̀lú fláàṣì kan, ló rọ àgbàlagbà lọ́rùn jù. Kò fẹ́ dàta, kò fẹ́ owó oṣooṣù, kì í sì í jẹ iná bíi ti àtijọ́. Bó bá jẹ́ DVD ni ẹ fẹ́, ẹ rántí pé púpọ̀ nínú wọn kò lè ka fídíò tí a fi fóònù òde òní yà, bí wọ́n tilẹ̀ ní ihò fláàṣì. Ẹ gbé fláàṣì yín dání, kí ẹ dán an wò ní ìsọ̀ kí ẹ tó sanwó.

Èyí tó ká mi lára jù ni kásẹ́ẹ̀tì fídíò ìsìnkú, ìgbéyàwó àti ìwúyè tó wà nínú àpótí aṣọ káàkiri Ìbàràpá. Èbu ń jẹ wọ́n lọ. Funai ti Japan, tí a mọ̀ sí ẹni tó ṣe ẹ̀rọ wọn kẹ́yìn, ti dáwọ́ dúró lọ́dún 2016. Owó àpótí tuntun yẹn, ẹ kọ́kọ́ fi da kásẹ́ẹ̀tì náà sínú fláàṣì méjì, kí ọ̀kan wà nílé, kí èkejì wà lọ́wọ́ yín. Fíìmù pọ̀ lọ́jà lọ jàra, ṣùgbọ́n ohùn bàbá yín kò sí ní ìsọ̀ ẹnikẹ́ni.

Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Atúntẹlifíṣọ̀n-ṣe kan,
Ìdèrè, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.