Ọ̀rọ̀ Àṣẹ Nídìí Okùn Agégi

Ohun tí ó jẹ àwọn olùṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ lógún jù ni kí ọ̀rọ̀ tuntun gbé ìtumọ̀ rẹ̀ yọ. Èyí dára, ṣùgbọ́n kò tó fún ọ̀rọ̀ tí a fi ń pàṣẹ níbi iṣẹ́ eléwu.

Igi tí ó kú sáàárín ilé kò ṣeé gé lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Agégi yóò gùn ún, yóò so okùn mọ́ ẹ̀ka, yóò sì mú okùn náà gba orí kẹ̀kẹ́ ìfàkùn tí a so mọ́ igi lókè. Ẹnìkejì rẹ̀ nílẹ̀ yóò wé okùn mọ́ ìdí igi, yóò máa sọ ẹ̀ka kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kẹ̀kẹ́ náà ń gbé ohun tí ó sún mọ́ ìlọ́po 2 ìwúwo ẹ̀ka. Bí okùn bá gba ẹ̀ka dúró lójijì, ó ń gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orí igi kan náà ni agégi wà.

“Dè é” ni pé kí a so ó. “Dẹ̀ ẹ́” ni pé kí a tú u díẹ̀. Ohùn wọn kò yàtọ̀, fáwẹ́lì nìkan ni ó yà wọ́n. Ta ni yóò gbọ́ ìyàtọ̀ yìí lábẹ́ ariwo ẹ̀rọ ìgégi? “Tú u” kò sàn, nítorí ẹlòmíràn lè tú okùn pátápátá.

Ó yẹ kí a yan “dì í mú” fún ìdádúró, àti “jẹ́ kó máa bọ̀” fún sísọ ẹ̀ka kalẹ̀: iye sílébù wọn àti ohùn wọn yàtọ̀. Kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tó wọ ìwé, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dán an wò létí àwọn agégi.