Ògiri tí a sáré mọ

Bí ènìyàn bá tú gbogbo àṣírí ilé rẹ̀ fún agbẹjọ́rò, tí agbẹjọ́rò náà sì bá alátakò rẹ̀ ṣiṣẹ́ lọ́la, ta ni yóò gbà á? Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ní ìdáhùn kan: wọ́n ní àwọn yóò mọ ògiri. Ògiri yìí kì í ṣe ti amọ̀. Òfin inú ilé iṣẹ́ ni. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ó mọ àṣírí oníbàárà kan kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún àwọn tí ń ṣiṣẹ́ fún oníbàárà mìíràn, ìwé kò sì gbọdọ̀ ti ọwọ́ apá kan bọ́ sí ọwọ́ apá kejì. Àwọn tí ń sọ Faransé ń pè é ní muraille de Chine.

Ǹjẹ́ òfin gbà á? Ẹjọ́ kan tí wọ́n dá ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kejìlá ọdún 1998 là wá lójú. Jefri Bolkiah, àbúrò ọba Brunei, ti gba KPMG, ilé iṣẹ́ àwọn oníṣirò owó, láti ràn án lọ́wọ́ nínú ẹjọ́ tirẹ̀. Fún oṣù 18 ni wọ́n fi mọ ọ̀rọ̀ dúkìá rẹ̀ tinú tẹ̀yìn. Nígbà tí ó yá, wọ́n yọ ọ́ kúrò ní ipò alága àjọ tí ń fi owó orílẹ̀-èdè náà ṣòwò. Àjọ náà sì pe KPMG yìí kan náà pé kí ó bá wọn wádìí owó. KPMG gbà, kò béèrè lọ́wọ́ ọmọ ọba. Ó ní òun ti mọ ògiri: òṣìṣẹ́ ọ̀tọ̀, yàrá ọ̀tọ̀.

Adájọ́ àkọ́kọ́ dá ọmọ ọba láre, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí i padà, àwọn adájọ́ tí ó ga jù lọ sì tún dá a láre. Adájọ́ Millett kò sọ pé ògiri lòdì sí òfin. Ohun tí ó sọ ni pé ilé iṣẹ́ ni ó gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé àṣírí kò ní jò, kì í ṣe oníbàárà. Àti pé ògiri gbọ́dọ̀ ti wà nínú ètò ilé iṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ti KPMG, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n torí rẹ̀ mọ ọ́, láàárín àwọn tí ó ti mọ́ lára láti máa ṣiṣẹ́ pọ̀ ní ẹ̀ka kan náà.

Kì í ṣe pé àánú ọmọ ọba ń ṣe wá, olówó ni. Àwọn kan sì lè wí pé irú ìdájọ́ yìí ń dí òwò lọ́wọ́, nítorí ilé iṣẹ́ oníṣirò ńlá kò pọ̀ láyé. Òótọ́ ni. Síbẹ̀, ilé iṣẹ́ tí ó pàdánù iṣẹ́ kan yóò rí òmíràn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó ti dé etí alátakò kò ṣeé kó padà. Nítorí náà, kí ẹni tí ó fẹ́ kó ìwé ilẹ̀ rẹ̀ fún agbẹjọ́rò lónìí kọ́kọ́ béèrè ẹni tí agbẹjọ́rò náà tún ń ṣiṣẹ́ fún, kí ó tó la ẹnu sọ ọ̀rọ̀ ìdílé.